Tísà pe ọmọ mi ní "rascal", ṣé èébú ni?

Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílùú ọba. Lẹ́nu géètì lánàá ni tísà ọmọ mi, ọmọ ọdún márùn-ún, ní "he's a little rascal", ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mi ò sùn. Ṣé kí n lọ bá ọ̀gá iléèwé ni àbí ọmọ ni kí n bá wí?

Ìdáhùn:

Màmá, ẹ má lọ bá ẹnì kankan, ẹ má sì fọwọ́ kan ọmọ. Ọmọ mi obìnrin tó ka English ní yunifásítì ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, pé ọwọ́ Faransé ni wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ yẹn, ó ti lé ní 600 ọdún, èèyànkéèyàn ni wọ́n ń fi bú nígbà yẹn. Lẹ́nu tiwọn níbí ó ti rọ̀ báyìí, tí "little" bá ti wà níwájú ẹ̀, eré ni. Èyí tó le ló dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá wa. Tí bàbá tèmi bá ti pariwo "Rascal!" láti pálọ̀, kòbókò ń bọ̀ nìyẹn.

Ọdún 2008, tísà fọwọ́ pa ọmọ mi ọkùnrin lórí, ó ní "proper little rascal, this one". Dizzee Rascal, olórin ràápù ìlú ọba níbí, ti fi ṣorúkọ, ó ti gba Mercury Prize, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn olórin, ní 2003, mò ń gbọ́ ọ lórí rédíò, síbẹ̀ kò sọ sí mi lọ́kàn, ohùn bàbá mi ni mo gbọ́. Mo dákẹ́ títí a fi délé, mo ní kó kúnlẹ̀ kó káwọ́ sókè, mo wá ń fi Yorùbá pariwo lé e lórí pé ìpátá ni, jàgùdà ni, kó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe. Ọmọ ò mọ ohun tó ṣe. Ó ń sunkún, ó ń ka gbogbo ohun tó bá ṣáà ti rántí, pé òun ò jẹ kárọ́ọ̀tì òun tán, pé òun sọ bíró nù. Ọjọ́ kejì ni mo tó gbọ́ pé awò tísà ló gbé pamọ́, gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, tísà náà rẹ́rìn-ín.

Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ṣé wọ́n ń bẹ ọmọdé nílé tiwa ni?

Ọmọ náà ti lé lẹ́ni ogún ọdún báyìí, tí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, òyìnbó ló fi ń dáhùn. Ó sọ fún àbúrò ẹ̀ pé èdè tí mọ́mì fi ń bínú ni. Kì í ṣe pé mi ò gbìyànjú o, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, èmi nìkan, ta ni ì bá máa pa àlọ́ fún wọn? Àmọ́ mo ṣì máa ń rò ó pé ṣé ọjọ́ yẹn ni.

Tẹ́ ẹ bá rí tísà, ẹ kàn bi í pé kí lọmọ ṣe, kẹ́ ẹ wo ojú ẹ̀. Bí ìyá àgbà ṣe máa ń pe ọmọ ní "oníwàhálà mi" náà ni. Ẹ pe tiyín bẹ́ẹ̀ lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín sí i. Èmi ò pe tèmi bẹ́ẹ̀ rí.