Ọwọ́ tó ń bá màlúù lé eṣinṣin

Àbúrò mi, o ní láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, o ti gbààwẹ̀, o ti gun orí òkè, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ju pé ilẹ̀ ń ṣú, ilẹ̀ ń mọ́. O wá béèrè pé àwa tí a ń sọ pé Ọlọ́run ń tọ́jú wa, báwo la ṣe mọ̀ pé òun ni, pé kì í ṣe pé nǹkan kàn ṣe kòńgẹ́. Ìbéèrè gidi ni. Ó ju ọdún mẹ́ta lọ tí mo fi bi ara mi ní irú rẹ̀.

Ọdún 2019 ni bàbá àwọn ọmọ mi kú. Àìsàn ọjọ́ mọ́kànlá ni. A gbàdúrà, a fi òru ṣe ìṣọ́, ó kú náà ni. Níbi ìsìnkú, ẹnì kan sọ fún mi pé màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ní í bá a lé eṣinṣin. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó gún mi lọ́kàn lọ́jọ́ yẹn, torí eṣinṣin ni mo ń rí, n kò rí ọwọ́ tó ń lé e. Mo bẹ̀ ọ́, bí o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, jókòó tì í, kí o bá a fọ abọ́. Títí di òní n kò mọ ìdí tí ọkọ mi fi kú, n kò sì ní purọ́ fún ọ pé mo mọ̀ ọ́n.

Aṣọ ni mo ń rán, ní Ìbàdàn. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí: èjìká, àyà, ìdí, gígùn. Ní oṣù kejì ọdún 2023, ìwọ náà mọ bí ìlú ṣe rí. Ìjọba pààrọ̀ owó bébà, wọ́n ní ká kó igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún àtijọ́ lọ sí báńkì. A kó o lọ, tuntun kò sì sí níta. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá náírà wà ní àkáǹtì mi, n kò rí i gbà. Alẹ́ ọjọ́ kan ni ibà mú ọmọ mi kékeré, ara rẹ̀ gbóná janjan. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò kò gba tírànsífà mọ́, torí owó tí àwọn kan fi ránṣẹ́ kò wọlé. Àádọ́ta náírà méjì péré ló wà nínú báàgì mi.

Màmá àgbà kan wà tó jẹ mí lówó. Ìró àti bùbá ni mo rán fún un nígbà Kérésì, ó san díẹ̀, ó ku 2,600 náírà. Mo lọ sílé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù kìíní, n kò bá a. Inú bí mi débi pé mo fi bírò pupa fàlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìwọ̀n yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ibà náà bẹ̀rẹ̀ ló dé. Ó ní ọ̀dọ̀ ọmọ òun ni òun wà. Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó ka owó sórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi: igba náírà àtijọ́ mẹ́tàlá, tí a ká sí mẹ́rin, tó ń rùn kánfọ̀. Inú àpótí aṣọ ló gbàgbé rẹ̀ sí. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà ni ìjọba kéde pé ká tún máa ná igba náírà àtijọ́ títí di ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin, kò sì tíì pé ọ̀sẹ̀ kan sígbà yẹn. Ká ní ó mú un wá ṣáájú ìkéde yẹn, ẹni tó ń ta oògùn kò ní gbà á. Ká ní ó san án nígbà tí mo ń bínú kiri, ǹ bá ti kó o lọ sí báńkì mọ́ ìyókù. Mo ra oògùn, mo ra ọsàn, ó ṣẹ́ 900 náírà kù.

N kò pè é ní iṣẹ́ ìyanu. Màmá yẹn kò gbọ́ ohùn kankan, gbèsè ló wá san. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ti sùn, mo ṣí ẹ̀yìn ìwé náà, mo kọ ọ́ síbẹ̀: igba náírà mẹ́tàlá, màmá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ. Ẹlẹ́kọ fi mẹ́rin lé e. Ọmọ iṣẹ́ mi àtijọ́ yà wá, ó bá mi tún ẹ̀rọ ṣe. Ọjọ́ tí n kò bá rí nǹkan kan, mo máa ń fi í sílẹ̀ lófìfo ni, n kì í wá ohun tí mo máa fi dí i.

Irú ẹ̀rí kan wà tí n kò lè jẹ́ mọ́, èyí tí a fi ń sọ pé a pẹ́ dé gáréèjì, ọkọ̀ tí a kò bá lọ ló dànù. Ọmọ ẹlòmíràn wà nínú ọkọ̀ yẹn, ìyá rẹ̀ náà sì gbàdúrà láàárọ̀. Bí ìtọ́jú Ọlọ́run bá jẹ́ kìkì yíyọ nínú ewu, a jẹ́ pé kò tọ́jú ọkọ mi nìyẹn. N kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ìwé Ẹ́sítérì inú Bíbélì ni mo ń kà nígbà yẹn. Wọn kò dárúkọ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Módékáì tú àṣírí àwọn tó fẹ́ pa ọba, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kò sẹ́ni tó fún un ní nǹkan kan. Lóru ọjọ́ tí Hámánì, ìjòyè ọba tó kórìíra rẹ̀, ti ri igi tó fẹ́ gbé e kọ́ mọ́lẹ̀, oorun dá lójú ọba, ó ní kí wọ́n ka ìwé ìrántí fún òun, wọ́n sì bá ohun tí Módékáì ṣe níbẹ̀, ọba sì ní kí wọ́n dá a lọ́lá. Ọba tí kò rí oorun sùn, èwo ni ìyanu níbẹ̀? Gbèsè tí wọn kò tíì san ló gba Módékáì là. Ká ní wọ́n ti san án fún un lọ́jọ́ tó ṣe é, kí ni wọn ì bá rí kà lóru yẹn?

O kọ ọ́ sínú ìbéèrè rẹ, bí ẹni pé kò tó nǹkan, pé onígbàjámọ̀ ìsàlẹ̀ ilé yín ló ń jẹ́ kí o fi fóònù rẹ sí iná jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kì í sì í gba kọ́bọ̀. Fóònù yẹn náà lo fi kọ̀wé sí wa pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. N kò fi bá ọ wí. Ra ìwé kékeré kan, kọ orúkọ ọkùnrin náà sí i, kí o kọ ọjọ́ òní sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí o kò bá rí nǹkan kọ lọ́la, fi í sílẹ̀ lófìfo bẹ́ẹ̀.