Àpò afẹ́fẹ́ inú sítíárìn

Ẹ̀gbọ́n, réwáyà mi ní irú ọkọ̀ tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà tí mo rà, iléeṣẹ́ tó ṣe é ti pè é padà fún àtúnṣe nítorí airbag, àpò afẹ́fẹ́ inú sítíárìn. Mẹkáníìkì ní ìwé ìtọ́ni lásán ni. — Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ìyá Ìbejì, ọ̀tọ̀ ni ìwé ìtọ́ni, ọ̀tọ̀ ni ìpèpadà. Ìwé ìtọ́ni tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ ń kọ ń kọ́ mẹkáníìkì bí yóò ṣe tún àìsàn tí wọ́n ti mọ̀ ṣe. Ó lè jẹ́ ariwo jíà lásán. Ìpèpadà, ẹ̀mí ló wà níbẹ̀. Airbag tí Takata, iléeṣẹ́ Japan kan, ṣe, ooru àti ọ̀rinrin ló ń ba ẹ̀tù tó ń mú un wú jẹ́. Bó bá bú gbàmù, irin á fọ́n lu awakọ̀ lójú, lọ́rùn. Ooru tiwa ńbí ńkọ́?

Ẹ wo abẹ́ gíláàsì iwájú, lápá awakọ̀: nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ (VIN), oní-17, lẹ́tà àti nọ́ńbà, wà níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sójú ewé NHTSA, àjọ ààbò ọkọ̀ ti Amẹ́ríkà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Bó bá ní wọn kò tíì pààrọ̀ airbag tí wọ́n pè padà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀.