Èsì fún Àǹtí Tíṣà: bí ìjọba apàṣẹwàá ṣe ń sọ ìjà ẹ̀yà di ìtàn tiẹ̀

Àǹtí Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi àkókò kan ṣoṣo kọ́ àwọn ọmọ SS2 yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ bí ìjọba apàṣẹwàá ṣe ń lo ìpolongo ẹ̀tàn tí ìjà ẹ̀yà tàbí ti ẹ̀sìn bá bẹ́ sílẹ̀, ẹ wá ń béèrè àpẹẹrẹ tí ẹ máa lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n orí tẹlifíṣàn sílẹ̀, àwọn tó máa ń ní ká ṣáà wò ó bóyá òótọ́ ni àbí irọ́. Ìjọba tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú kì í fi bẹ́ẹ̀ parọ́. Òótọ́ tó bá a lára mu ló máa ń sọ, á wá ti gbogbo ilẹ̀kùn tí òótọ́ yòókù lè gbà jáde. Ẹni tó bá jókòó sí yàrá ìròyìn láyé ológun mọ bí ilẹ̀kùn ọ̀hún ṣe ń tì.

Ẹ mú Urumqi, ní Xinjiang, lórílẹ̀-èdè Ṣáínà. Ní oṣù kẹfà 2009, wọ́n pa Uyghur méjì (ẹ̀yà Mùsùlùmí tí Xinjiang jẹ́ ilé wọn) nínú ìjà kan nílé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé ní Shaoguan, ní gúúsù Ṣáínà. Àwọn Uyghur ní Urumqi jáde ní ọjọ́ 5 oṣù keje láti béèrè fún ìwádìí, ọ̀rọ̀ sì di ìpakúpa. Ìjọba ní èèyàn 197 ló kú, pé Han, ẹ̀yà tó pọ̀ jù ní Ṣáínà, ló pọ̀ jù nínú wọn. Òótọ́ ni pé wọ́n pa àwọn Han, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan jiyàn ìyẹn. Àmọ́ kò pẹ́ rárá tí ìjọba fi dárúkọ ẹni tó ní ó wà nídìí rẹ̀: Rebiya Kadeer, aṣáájú àwọn Uyghur kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà. Ìwádìí wo ló yá tó bẹ́ẹ̀? Shaoguan tó dá ìbínú sílẹ̀ wá di ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ. Wọ́n gé íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo Xinjiang, ó di oṣù karùn-ún 2010 kó tó padà. Oṣù mẹ́wàá! Àtẹ̀jíṣẹ́ ò lọ, ìpè sí òkè òkun ò wọlé fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ẹni tí ọlọ́pàá gbé ọmọ rẹ̀ lọ ò ní ibi tó máa sọ ọ́ sí, tẹlifíṣàn ìjọba nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ibi tó ń dun èèyàn nìyẹn: nígbà tí ẹ̀rọ bá fi máa ṣí, ìtàn ìjọba ti jókòó sọ́kàn gbogbo ayé, ẹlẹ́rìí á wá dà bí ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ àtijọ́ hú.

Ìjọba Ṣáínà sì ń kọ́ṣẹ́ o. Ní Lhasa, olú ìlú Tibet, lásìkò rògbòdìyàn oṣù kẹta 2008, wọ́n lé àwọn akọ̀ròyìn òkèèrè sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n wá kó díẹ̀ nínú wọn káàkiri, àwọn mọ́ńkì já lù wọ́n ní tẹ́ńpìlì Jokhang, wọ́n ń sunkún pé kò sí òmìnira. Ní Urumqi, ìjọba fúnra rẹ̀ ló pe akọ̀ròyìn wá, ó fún wọn ní íntánẹ́ẹ̀tì ní hòtẹ́ẹ̀lì kan nígbà tí ìlú kò ní. Bó ṣe tún rí nìyẹn tí àwọn obìnrin Uyghur fi jáde síwájú kámẹ́rà wọn ní ọjọ́ 7 oṣù keje, tí wọ́n ń béèrè ọkọ àti ọmọ wọn.

Ọ̀rọ̀ àwòrán ló ń bí mi nínú jù. Lẹ́yìn tí àwọn Rohingya, ẹ̀yà Mùsùlùmí kan ní Myanmar, tó lé ní 700,000 ti sá lọ sí Bangladesh láti oṣù kẹjọ 2017, ilé iṣẹ́ ológun Myanmar tẹ ìwé kan jáde ní oṣù keje 2018 láti dá ara wọn láre. Àwòrán mẹ́jọ ni wọ́n pè ní ti ìtàn níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìròyìn Reuters tú u wò, ó bá ayédèrú mẹ́ta. Nínú ọ̀kan, ọkùnrin kan mú irinṣẹ́ oko dání, ó dúró ti òkú méjì, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Rohingya ló ń pa ọmọ onílẹ̀ láwọn ọdún 1940. Dhaka ni, lásìkò ogun Bangladesh ní 1971. Òmíràn, èrò rẹpẹtẹ tó ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n ní àwọn tó ń ya wọ Myanmar láyé òyìnbó nìyẹn. Àwọn tó sá kúrò ní Rùwáńdà ni, ní Tàǹsáníà, ní 1996! Àwòrán aláràbarà ni tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di dúdú àti funfun kó lè gbó lójú. Ẹ̀kẹta ló burú jù: ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn tó ń sá jáde ní 2015. Wọ́n yí àwòrán padà, wọ́n sọ ọ́ di bàìbàì, ló bá di pé wọ́n ń wọlé bọ̀. Ológun tọrọ àforíjì ní oṣù kẹsàn-án. Ta ló ka àforíjì? Ìwé ti dé ọjà.

Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, wọ́n gbé àwòrán "Mùsùlùmí tó ń sun ilé ara wọn" lé àwọn akọ̀ròyìn tí ìjọba kó lọ sí Maungdaw, ní Myanmar, lọ́wọ́. Aṣọ tábìlì ni àwọn obìnrin inú rẹ̀ fi bo orí. Àwọn akọ̀ròyìn náà dá wọn mọ̀: Híńdù tí wọ́n ti rí nílé ìwé kan lágbègbè náà ni. Ọmọdé Ṣábó níbí á ti mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìbòrí. Síbẹ̀, agbẹnusọ ìjọba gbé e sórí Twitter.

Bí a ṣe ń fi Google wá ibi tí àwòrán ti ṣẹ̀, ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé àwòrán tí wọ́n yí padà lè má jáde. Ẹ yí i sí òdìkejì, kí ẹ tún un wá. Ẹ gé etí rẹ̀ kúrò, ẹ tún un wá. Ọjọ́ tó pẹ́ jù lẹ ń wá, kì í ṣe èyí tó kọ́kọ́ yọ.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ náà ni àwòrán. Àwọn olùwádìí mẹ́ta, King, Pan àti Roberts, ka lẹ́tà orí ẹ̀rọ tó jò láti ọ́fíìsì ìjọba kan ní Zhanggong, ní Ṣáínà. Wọ́n ṣírò rẹ̀ ní 2017 pé òṣìṣẹ́ ìjọba ń kọ nǹkan bíi mílíọ̀nù 448 ọ̀rọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún bí ẹni pé ará ìlú ni wọ́n. Wọn kì í jiyàn, ńṣe ni wọ́n ń darí ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn. Lẹ́yìn rògbòdìyàn Shanshan ní Xinjiang, oṣù kẹfà 2013, ńṣe ni ọ̀rọ̀ wọn rọ́ jáde wìì. Nítorí náà, tí ẹ bá rí i lórí WhatsApp pé ìyìn ìjọba ṣàdédé pọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ gbàgbé. Ẹ má sì fi fídíò òkú ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mọ́sálásí tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, kódà láti fi bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Tiwa náà ńkọ́? Àṣẹ kẹrin (Decree 4) ti ìjọba ológun ní 1984 rán akọ̀ròyìn méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan, òótọ́ tó bá dójú ti òṣìṣẹ́ ìjọba pàápàá lè gbé akọ̀ròyìn débẹ̀. Ní 1993, "ìjà Ogoni àti Andoni" ni ìjọba pe ìkọlù sáwọn abúlé Ogoni. Ní 1995, Human Rights Watch tẹ ọ̀rọ̀ àwọn ṣọ́jà jáde, pé àwọn fúnra wọn wà nínú ìkọlù náà.

Ẹ dákun, kíláàsì lẹ bi mí. Ẹ tẹ àwòrán mẹ́ta ìwé Myanmar yẹn síta láìsí àlàyé lábẹ́ wọn, kí àwọn ọmọ kọ tiwọn síbẹ̀, kí ẹ tó ka ti ológun, lẹ́yìn náà ti Reuters. Ẹ má fi ìjà ìlú wa ṣe àpẹẹrẹ, òbí á dé ọ́fíìsì ọ̀gá yín kí aago méjì tó lù. Tí àkókò bá ń lọ, ọkọ̀ ojú omi 2015 nìkan ti tó: ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kan lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe wà àti bí wọ́n ṣe yí i.