Màmá ní Àkúrẹ́ ní ọmọ mi ò gbọdọ̀ lọ sórí òkè yìnyín

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Calgary ní Kánádà ni à ń gbé, Àkúrẹ́ la ti wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Táyé mi ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Màmá bi í pé ilé-ìwé ńkọ́, ó ní avalanche iṣẹ́ àṣetiléwá ti bo òun mọ́lẹ̀. Àbúrò mi tó wà lọ́dọ̀ wọn ní Òkè-Àró bá wá ọ̀rọ̀ náà lórí Google, ó sì ka ohun tó kọ́kọ́ rí sókè: yìnyín tó ya láti orí òkè, tó ń sin èèyàn láàyè. Ariwo ta! Ibi tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n ni ìwé dé láti ilé-ìwé pé wọ́n fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ ṣe ski, eré fífi pátákó ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, ní òkè Rockies, avalanche yìí kan náà sì wà nínú ohun tí wọ́n ní ká fọwọ́ sí. Màmá ní bí ọmọ náà bá lọ, kí n má pe òun mọ́. Kí ni kí n sọ fún wọn? Ká má purọ́, ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìdààmú. Ọmọ Oǹdó ni mí, British Columbia ni mo ti ń tọ́ àwọn ọmọ mi, kò jìnnà sí Rogers Pass, ọ̀nà tó gba àárín àwọn òkè kọjá.

Ti iṣẹ́ àṣetiléwá yẹn ò le. Ohunkóhun tó bá rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà ni àwọn olóyìnbó ń pè bẹ́ẹ̀: lẹ́tà, gbèsè, ìbéèrè. Àwa náà kúkú ń sọ pé èrò ya bo ọjà. Ẹ ní kí Táyé máa sọ fún Màmá pé, “Iṣẹ́ wọ̀ mí lọ́rùn.” Wọ́n á gbàdúrà fún un, ọ̀rọ̀ á parí. (Kí àbúrò yín náà máa kà á dé ìsàlẹ̀ kó tó pariwo.)

Ti òkè ló gba àlàyé. Ipele-ipele ni yìnyín ń kó jọ lórí òkè nígbà òtútù. Nígbà mìíràn, ipele kan á wà nísàlẹ̀ tí kò lẹ̀ mọ́ra, èyí tó le á wá gorí rẹ̀. Bí Màmá bá ti sá kòkó rí, ó máa yé wọn: ẹ ní kí wọ́n wo ẹní tí a tẹ́ sórí kòkó gbígbẹ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹnì kan wá fẹsẹ̀ tẹ ẹní náà. Ibi tó dà gẹ̀rẹ́ tó 30 sí 45 digírì ló ti wọ́pọ̀ jù. Ariwo kọ́ ló ń fà á, ohunkóhun tí fíìmù ì báà sọ. Ìwúwo ni: yìnyín tuntun, òjò, tàbí ẹsẹ̀ èèyàn. Nínú àwọn tó ń bá eré orí òkè kú sínú rẹ̀, nǹkan bí 9 nínú 10 ló jẹ́ pé àwọn fúnra wọn tàbí ẹlòmíì nínú ẹgbẹ́ wọn ló tẹ ibi tó ya.

Ọ̀nà Rogers Pass yìí ti rí nǹkan. Ní March 4, 1910, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ń kó yìnyín tó ya dí ọ̀nà kúrò lóru, ni òmíràn bá tún ya láti òdìkejì. Èèyàn 58 ló kú, àwọn ará Japan ló pọ̀ jù nínú wọn. Lónìí, àwọn sójà Kánádà ló ń yin àgbá sí òkè náà, kí yìnyín lè ya nígbà tí wọ́n bá ti dá ọkọ̀ dúró. Ẹ sọ èyí fún Màmá. Ìyá tèmi ní Oǹdó gbádùn rẹ̀ débi pé gbogbo ìjọ ló gbọ́ pé sójà ń bá yìnyín jà.

Èyí tó kàn, ẹ̀yin ni mo ń sọ ọ́ fún o, kì í ṣe Màmá. Ní February 1, 2003, yìnyín ya bo ẹgbẹ́ ilé-ìwé kan láti agbègbè Calgary nítòsí Rogers Pass, ọmọ 7 sì kú. Wọn kò sí nínú ọgbà ski. Ẹ̀yìn òkè ni wọ́n wà, níbi tí èèyàn ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gòkè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Parks Canada, àjọ tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìjọba Kánádà, pín ilẹ̀ òkè sí ọ̀nà 3: èyí tó rọrùn, èyí tó le, èyí tó díjú. Wọn kì í jẹ́ kí ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé wọ èyí tó díjú, wọn ò sì ní gbà wọ́n wọ èyí tó le àyàfi pẹ̀lú amọ̀nà tó ní ìwé ẹ̀rí.

Nítorí náà, ìbéèrè kan ni kí ẹ kọ́kọ́ bi ilé-ìwé: ṣé inú ọgbà ski ni, àbí ẹ̀yìn òkè? Nínú ọgbà, àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ohun abúgbàù já yìnyín lulẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, wọ́n sì ń ti ibi tó bá léwu pa. Ká má parọ́, ewu ò tán pátápátá, ṣùgbọ́n ó kéré gan-an. Tèmi máa ń lọ bẹ́ẹ̀, kí Táyé náà lọ, kó má sáà kọjá okùn tí wọ́n fi dí ọ̀nà.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn òkè ni, ẹ béèrè ta ni amọ̀nà, irú ilẹ̀ wo nínú 3 yẹn ni, àti bóyá ọmọ kọ̀ọ̀kan máa so ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí wọ́n wà hàn mọ́ra, pẹ̀lú ọ̀pá ìwádìí àti ṣọ́bìrì, tí wọ́n sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n. Ẹni tí wọ́n bá hú jáde láàárín ìṣẹ́jú 10 sáábà máa ń yè. Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan ń burú kíákíá, ọlọ́pàá tàbí hẹlikọ́pítà ò sì ní tètè dé. Bí wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀, ẹ dá ìwé wọn padà láìfọwọ́ sí i.