Èsì: Magnetite inú òkúta àtọ̀runwá, ìpẹtà Èkó kọ́

Ẹ̀gbọ́n Yábàá, ẹ ní ṣé ọ̀rinrin Èkó ló bí magnetite (èròjà dúdú tí irin àti oxygen para pọ̀ dá, tí òòfà ń fà) inú òkúta carbonaceous chondrite yín, ìyẹn òkúta àtọ̀runwá tó ní carbon. Rárá o! Inú àpáta ńlá tó ti ya wá lófuurufú ló ti ṣẹlẹ̀: yìnyín yọ́, omi kọlu irin, 3Fe + 4H₂O di Fe₃O₄ (magnetite nìyẹn) + 4H₂ (gáàsì hydrogen). Nínú òkúta àtọ̀runwá Orgueil, tó já bọ́ ní Faransé ní 1864, wóró magnetite kéékèèké so jọ bí ẹyin ẹja. Irú rẹ̀ gan-an wà nínú yẹ̀pẹ̀ Ryugu, àpáta òfuurufú kan, tí ọkọ̀ òfuurufú Japan, Hayabusa2, kó wálé ní 2020, tí òjò ayé kankan ò pa rí.

Ìpẹtà pupa tó ń jẹ etí irin inú òkúta yín ni ẹjọ́ Èkó. Ẹ má fomi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́; ike tó dé pinpin àti silica gel (wóró tó ń fa ọ̀rinrin mu) ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òòfà kàn án, ó máa pa àmì agbára òòfà àtijọ́ inú rẹ̀ rẹ́.