Wọ́n Pè Mí Lólè Lójú Èrò, Wọ́n Wá Bẹ̀ Mí Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Lọ́yà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo ya súpámákẹ́ẹ̀tì kan ládùúgbò Adéníran Ògúnsànyà, ní Sùúrùlérè níbí. Mo ra mílíìkì, ọṣẹ ìfọṣọ àti páńpáàsì àwọn ìbejì mi. Mo sanwó, kaṣíà fún mi ní rìsíìtì. Bí mo ṣe ń jáde báyìí ni irin ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í ké pìì-pìì-pìì. Kí n tó wẹ̀yìn, sìkíọ́ríìtì kan ti gbá okùn báàgì mi mú: "Madam, ẹ bọ́ síbí! Kí lẹ gbé?" Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà ló yíjú sí mi. Ìyàwó ilé kejì wa wà nínú wọn.

Wọ́n mú mi wọ yàrá tí wọ́n ń kó páálí ọjà sí. Sìkíọ́ríìtì méjì, ọkùnrin làwọn méjèèjì. Wọ́n da ẹrù báàgì mi sórí páálí Indomie. Wọ́n rí roll-on kan tí mo ti lò dé ìdajì, wọ́n ní àwọn náà ń tà á. Ọ̀kan ní kí n tú ìró mi, mo kọ̀. Ó ní tí mi ò bá tú u, kí n san owó ọjà náà lọ́nà mẹ́wàá, kí n sì fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé mo jí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn á pe ọlọ́pàá. Mi ò kọ ọ́, ẹkún ni mo ń sun. Ó ju ìdajì wákàtí lọ kí máńíjà tó dé. Ó wo kámẹ́rà, kò rí nǹkan kan. Àṣé báàgì tí mo gbé dání, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Ìkẹjà, ike funfun pẹlẹbẹ kan wà nínú àpò rẹ̀, òun ló ń mú irin náà ké.

Máńíjà mú mi wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó bẹ̀ mí. Ó fún mi ní fáúṣà ọjà ₦15,000, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí ọ̀rọ̀ náà má jáde. Màmá mi ní kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ọkọ mi ní àfi kóòtù. Ládùúgbò, bí wọ́n ṣe ń wò mí ti yàtọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ aráyé. Inú bí mi nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń dáhùn, torí náà tí ohùn mi bá le níbì kan, ẹ fojú fò ó.

Kí n tó kọ́ iṣẹ́ òfin, mo ti ṣe súpáfáísọ̀ nílé ìtajà ńlá kan ní Ìkẹjà. Mo mọ irin yẹn dáadáa. Kò mọ olè, kò mọ ẹni tó sanwó. Ìgbì rédíò ló ń rán jáde, àmì kékeré tó wà lára ọjà á sì dá a lóhùn, ohun tó ń ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ lórí 8.2 MHz, àmì tirẹ̀ dà bíi sítíkà onígun mẹ́rin. Èkejì ń ṣiṣẹ́ lórí 58 kHz, àmì tirẹ̀ ni ike funfun tóóró bí irú èyí tí ẹ rí nínú báàgì yín. Kaṣíà ló yẹ kó pa àmì náà lórí pátákó iwájú rẹ̀, tàbí kó yọ ọ́ kúrò. Bí kaṣíà ti Ìkẹjà bá gbàgbé, ẹ ó kàn máa gbé e kiri ìlú ni, ilé ìtajà yòówù tó bá sì ń lo irú irin kan náà yóò ké mọ́ yín. Ó ké mọ́ àwọn aláìṣẹ̀ níṣojú mi nígbà náà débi pé a kì í gbójú sókè mọ́ tó bá dún. Ohun tí igbe irin ń sọ fún sìkíọ́ríìtì ni pé kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká jọ padà sọ́dọ̀ kaṣíà." "Kí lẹ gbé?" kò sí nínú ohun tó sọ.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ọ̀rọ̀ òfin. Sìkíọ́ríìtì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń fi báírò fa ìlà sórí rìsíìtì, kò mú ẹnikẹ́ni. Ẹ fún un, kó wò ó, kí ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbá yín mú, tí wọ́n sì fi yín sí yàrá tí ẹ kò lè jáde níbẹ̀, ó ti di ìmúni àti ìtìmọ́lé, abala 35 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 sì ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Òótọ́ ni pé òfin ìdájọ́ ọ̀daràn ti Ìpínlẹ̀ Èkó gba aráàlú láàyè láti mú ẹni tó bá dá ọ̀ràn ńlá lójú rẹ̀, tàbí ẹni tó fura sí tí ìfura náà sì nídìí. Kí ló wá kàn lẹ́yìn ìyẹn? Kó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láìjáfara. Òfin ò ní kó mú un lọ sáàárín páálí Indomie, kò ní kó dájọ́, kò sì ní kó gbowó ìtanràn.

Pátákó "ẹni tó bá jí ọjà yóò san án lọ́nà mẹ́wàá" yẹn, mo ti rí i lára ògiri nílé ìtajà púpọ̀, ní Mainland àti ní Island. Kálukú ló ń kọ tirẹ̀, kò sí ilé ẹjọ́ tó bá wọn fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ń fi ọlọ́pàá dẹ́rù ba obìnrin kó lè gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀ràn tirẹ̀ ló ń dá sílẹ̀. Ní ti ìró, ẹ káre láé tí ẹ kọ̀. Ọlọ́pàá gan-an, bó bá fẹ́ yẹ ara obìnrin wò, obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni òfin ní kó ṣe é, kó sì ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ta wá ni sìkíọ́ríìtì? Abẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ aṣọ́lé aládàáni ti 1986 ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, Civil Defence ló ń fún wọn níwèé àṣẹ, òfin kan náà ò sì gbà wọ́n láàyè láti gbé ìbọn. Yúnífọ́ọ̀mù tó gún régé ò sọ ẹnikẹ́ni di ọlọ́pàá. Ìwé "mo jí i" tí ẹ ò kọ yẹn náà, ẹ ti yọ ara yín nínú ewu ńlá, torí òun ni wọn ì bá máa fì lójú yín títí dòní.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ariwo tí wọ́n pa. Ní Èkó tiwa yìí, tí wọ́n bá pariwo "olè" lé èèyàn lórí ní Ojúẹlẹ́gba tàbí ní Ìdúmọ̀tà, táyà lè dé ọrùn rẹ̀ kí ọlọ́pàá tó dé. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, sìkíọ́ríìtì yẹn náà mọ̀ ọ́n. Òun ló fà á tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tí irú èyí bá bá pé kó má sáré, kó má sì jẹ́ kí wọ́n fa òun bọ́ sójú títì. Kó dúró síwájú kaṣíà, lábẹ́ kámẹ́rà, lójú èrò, kó gbóhùn sókè pé, "Ẹ pe máńíjà, ẹ pe ọlọ́pàá, níbí ni mo wà." Yàrá ẹ̀yìn ò dáa fún aláìṣẹ̀. Ìtìjú lójú èrò máa ń dunni lóòótọ́, ṣùgbọ́n èrò yẹn náà ni ẹlẹ́rìí yín lọ́la.

Ó wá ku fáúṣà. Ẹ má tíì ná an. Ṣé ẹ fọwọ́ sí ìwé kankan nígbà tí ẹ gbà á? Tí ẹ bá fọwọ́ sí ibi tó ní "ọ̀rọ̀ ti parí", ẹ mú ìwé náà lọ fún lọ́yà kí ẹ tó ṣe nǹkan míì. Tí ẹ ò bá fọwọ́ sí nǹkan kan, ẹ̀bùn ẹni tẹ́rù ń bà lásán ni.

Ẹ gbọ́, ibi tí mo ti yàtọ̀ sí Màmá àti ọkọ yín nìyí. Níwájú èrò ni wọ́n ti fi yín ṣẹ̀sín, lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti bẹ̀ yín. Kò dọ́gba. Ìyàwó ilé kejì rí ìgbà tí wọ́n gbá yín mú, kò rí ìgbà tí máńíjà ń ṣe "ẹ má bínú". Bóyá òun kọ́ ló ń sọ ọ́ kiri, àmọ́ ohun tó rí kò tíì ní ìparí lójú rẹ̀. Abala 35, ẹsẹ 6, mọ èyí: ó ní ẹni tí wọ́n bá mú tàbí tì mọ́lé lọ́nà àìtọ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-máà-bínú àti àforíjì ní gbangba. Ní gbangba ló wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, ìwé àforíjì ni mo máa kọ́kọ́ bèèrè kí n tó dárúkọ owó: lórí bébà ilé ìtajà náà, pẹ̀lú ìfọwọ́sí ọ̀gá, kó sọ ọ́ kedere pé ẹ ò jí nǹkan kan, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó ké yẹn, níbi tí gbogbo ẹni tó ń wọlé á ti rí i. Ẹ gba ẹ̀dà tiyín lọ́wọ́, kí ẹ fi han ẹni tó bá wù yín ládùúgbò.

Ẹ kọ lẹ́tà láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ má fi falẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ilé ìtajà, ẹ kọ ọ́ sí ilé-iṣẹ́ tó gba àwọn sìkíọ́ríìtì náà sí iṣẹ́, torí ẹni tó ránni níṣẹ́ náà jẹ̀bi ohun tí ẹni tó rán bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́ náà. Nínú rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi fídíò ọjọ́ náà pa mọ́ kí wọ́n sì fún yín ní ẹ̀dà ibi tí ẹ ti hàn. Òfin ààbò dátà ti 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè rẹ̀. Èyí ló ń lé mi tí mo fi ń lé yín: ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ilé ìtajà ló máa ń pa fídíò àtijọ́ rẹ́ fúnra rẹ̀ kó lè rí àyè gba tuntun. Ẹ tọ́jú rìsíìtì ti Sùúrùlérè àti ti báàgì Ìkẹjà. Ike funfun yẹn ńkọ́? Tó bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, kò gbọ́dọ̀ dé inú páànù ìdọ̀tí o, ẹ̀rí pàtàkì ni.

Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á pe ilé ìtajà náà kí ẹ jọ jókòó. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ tẹ́lẹ̀ ló máa ń rántí sọ̀rọ̀ tí lẹ́tà ìjọba bá dé ọwọ́ rẹ̀. Tí ìyẹn náà kò bá so èso, ọkọ yín wá jàre: Ilé Ẹjọ́ Gíga ló kù, lábẹ́ abala 46 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ àti ìlànà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 2009. Ìlànà yẹn kò fi gbèdéke ọjọ́ dè yín. Ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ yàtọ̀, tirẹ̀ ní gbèdéke, torí náà ẹ tètè rí lọ́yà. Ẹnì kan á tún sọ fún yín pé kí ẹ gba Small Claims Court, pé ó yá. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbèsè tí iye rẹ̀ dájú, tí kò ju ₦5 mílíọ̀nù lọ, ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Kì í ṣe irú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ ní mo ní kí wọ́n máa gbàdúrà lọ, kí ẹ̀yin sì máa kọ lẹ́tà.

ÌBÉÈRÈ

Àǹtí, sìkíọ́ríìtì lèmi ní tèmi, nílé ìtajà kan ní Marina. Gbogbo ìgbà tí ọjà bá dínkù ni wọ́n ń yọ owó lára owó oṣù àwa tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Tí mo bá jẹ́ kí ẹni tí irin ké mọ́ lọ, èmi ni màá san án. Ṣé kí n má dá èèyàn dúró ni?

Bàbá Ṣadé, Èkó

ÌDÁHÙN

Bàbá Ṣadé, inú mi dùn pé ẹ kọ̀wé, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ náà nìyẹn, mo sì rò pé ibẹ̀ ni gbígbá èèyàn mú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ pé òun ni yóò san owó mílíìkì, lójú tirẹ̀ olè ni gbogbo oníbàárà.

Abala 5 nínú òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà kò gba agbanisíṣẹ́ láàyè láti máa yọ owó bó ṣe wù ú. Kó tó lè yọ owó nítorí ọjà tó sọnù, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí pé àìbìkítà rẹ̀ ló fà á, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Gbogbo owó tí wọ́n bá yọ lóṣù kan kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Kí wọ́n pín àdánù fún gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́gbọọgba, kò bá òfin yìí mu.

Ẹ máa dá èèyàn dúró, iṣẹ́ yín ni. Ẹ má fọwọ́ kan báàgì, ẹ má fọwọ́ kan ara. Ẹ ní kí ẹ jọ padà sọ́dọ̀ kaṣíà, ẹ jẹ́ kí oníbàárà fúnra rẹ̀ mú ọjà rẹ̀ kọjá láàárín irin náà níkọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi rí èyí tó ń ké. Tó bá kọ̀, ẹ pe máńíjà, kí máńíjà pinnu bóyá kí wọ́n pe ọlọ́pàá. Ẹ ní ìwé kékeré kan lápò, kí ẹ máa kọ aago tí irin ké àti ohun tó mú un ké. Lójú ewé kejì, ẹ kọ iye tí wọ́n yọ lóṣù kọ̀ọ̀kan àti ìdí tí wọ́n sọ pé àwọn fi yọ ọ́. Ìwé yẹn ni kí ẹ mú dání lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ní Èkó níbí.