Téèpù Rẹ Mọ Ohun Tí Bírò Rẹ Ò Tíì Mọ̀

Òǹkàwé wa kan, télọ̀ ní Mushin, ẹni ọdún 31, kọ̀wé sí mi pé: "Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Mo ti kọ ìtàn ìfẹ́ mẹ́ta, irú èyí tó jẹ́ ti àgbàlagbà nìkan. Bí mo bá tún un kà, ńṣe ló ń gbẹ mọ́ mi lọ́fun bíi gààrí tí kò lómi. Akọrin tún ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ojú ń tì mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ tí á fi dùn?"

Ọmọ mi, mo ka èyí tí o fi ránṣẹ́. O ní: "Ó wọlé, ó bọ́ṣọ, wọ́n sì bá ara wọn lòpọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́." Títí ilẹ̀ fi mọ́ kẹ̀! Ṣé wọn ò ní lọ síbi iṣẹ́ ni? Ó jọ ohun tí nọ́ọ̀sì kọ sínú káàdì. Mi ò mọ ọkùnrin náà, mi ò mọ obìnrin náà, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n ti ń bára wọn fà láti àárọ̀.

Inú ìdádúró ni adùn irú ìtàn yìí wà, ó sì yẹ kí ìwọ tí ò ń wọn ara èèyàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí o bá na téèpù yí oníbàárà ká, tí o wá fi ìka méjì so ó pọ̀ níwájú àyà, ṣebí o ti rí i tí ẹni náà dákẹ́ lójijì? Kò mí mọ́. Ó kọjú sí ògiri, ó ń ka kàlẹ́ńdà èṣí bí ẹni ń ka Bíbélì. Kò sẹ́ni tó bọ́ nǹkan kan, síbẹ̀ nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Kọ ìyẹn. (Má kọ oníbàárà gidi o! Yí orúkọ padà, yí ojú padà. Mushin ò tóbi tó bí o ṣe rò.)

Wàyí o, gbé àwọn méjì tìrẹ sínú yàrá face-me-I-face-you. Ìyá àgbà kan ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri. Wọ́n mú iná lọ, fáànù rọra ń yí títí ó fi dúró, gbogbo ilé wá pa lọ́lọ́. Obìnrin náà ní, "Dúró ná." Ọkùnrin dúró. Ó pẹ́ díẹ̀, ìyá àgbà ò wúkọ́ mọ́, obìnrin ní, "Ó yá."

Orúkọ ẹ̀yà ara ló máa dà ọ́ láàmú jù. Yorùbá ilé ìwòsàn tutù, ti gáréèjì Oṣòdì sì le jù létí. Má sì lọ ṣe ògbufọ̀ fíìmù òyìnbó: lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó fẹ́ sáré lọ ra búrẹ́dì ló ń sọ pé "mo ń bọ̀." Lọ fetí sí àwọn ìyá ọlọ́jà ní Oyingbo bí wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ ọkọ ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn ò ní dárúkọ nǹkan kan, gbogbo ìsọ̀ á sì máa rẹ́rìn-ín.

Ní ti ìtìjú, o ò ṣe àkọ́kọ́ l'Ékòó. Ní 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá, "ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé," tó ń ròyìn ayé tó ti jẹ sẹ́yìn. Àwọn òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà. I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀, ló ń kọ ọ́, tó ń fi omijé ìrònúpìwàdà bo adùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wá orúkọ ìnagijẹ kan fún ara rẹ. Àwọn akọrin á kà á, wọn ò kàn ní jẹ́wọ́ ni.

Àgbàlagbà pátá ni kí gbogbo ẹni tó bá wọ yàrá nínú ìtàn rẹ jẹ́ o. N ò ní sọ ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Tún ti inú òkùnkùn yẹn kọ, ojú ìwé kan péré, kí ẹnikẹ́ni má bọ́ ju fìlà lọ. Fi ránṣẹ́ sí mi kí oṣù tó parí.